Omi Tí Ìyá Abà Kì Í Mu

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kejì 2025

Bọ́ọ̀hóòlù ìjọ kú lónìí. Kì í ṣe pé ó ń ṣàìsàn o, ó kú pátápátá. Ẹni tó wá tú ẹ̀rọ náà ní omi ti sá lọ sísàlẹ̀, àfi kí a gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ó wá ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fà á mu tán. Ìsọjí ọlọ́jọ́ méje ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ìsọjí omi ni! Ogún kẹ́ẹ̀gì la máa ń gbé síwájú pẹpẹ. A ó gbàdúrà sí i, àwọn aláìsàn á mu, àwọn aboyún á fi wẹ̀. Èmi ni Ìyá Àdúrà, èmi ni wọ́n sì fi omi sí lọ́wọ́ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Bí omi ò bá sí, ojú ta ni yóò tì ní gbogbo Lálúpọn? Ojú mi ni.

Gift ọmọ mi ló ra ìwé yìí fún mi nígbà tó wálé ọdún láti Ajíbọ́dé. Ó ní láti ìgbà tí bàbá àwọn ti kú, agbada gàrí ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pé kí n kúkú máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dáa. Mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kejì

Kànga wa gbẹ. Kànga Alàgbà Hezekiah gbẹ. Ti iwájú ilé Àpèkẹ́ ní omi díẹ̀, ṣùgbọ́n n ò ní tọ ibẹ̀ lọ. Ọlọ́run rí mi.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kejì

Ṣítù tó ń fi ọ̀kadà gbé gàrí mi lọ sí gárèjì, ó rí mi tí mò ń kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo kiri nínú oòrùn. Ó ní Màmá Gift, kí lẹ ń da ara yín láàmú sí, ṣé ẹ ò mọ ìsun tó wà ní Abà Kúọlá ni? Pé bí ọ̀dá dá fún ọdún mẹ́ta, ibẹ̀ ò ní gbẹ. Mo ní Ṣítù, èmi lò ń rán lọ sídìí òrìṣà? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Mùsùlùmí lòun, òun náà ò bọ òrìṣà, ṣùgbọ́n òùngbẹ kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ èèyàn. Mo lé e lọ.

Ta ni kò mọ Abà Kúọlá nínú ìjọ wa? Ìsun Ọ̀ṣun ni wọ́n ń pè é. Ní 2007, lọ́jọ́ kẹta ìsọjí, àwa bí ogójì wọ aṣọ funfun lọ síbẹ̀, pẹ̀lú agogo àti àbẹ́là, a lọ wẹ ibẹ̀ mọ́. Ìkòkò ńlá kan wà létí omi tí wọ́n fi ẹfun kùn. Èmi ni mo dá orin. Èmi ni mo gbé ìkòkò náà sókè. Èmi ni mo là á mọ́ òkúta. Wọ́n hó yèè! Bàbá Gift ṣì wà láyé nígbà náà, ó ní ìyàwó òun ò bẹ̀rù ohunkóhun. Mo ti jẹ́rìí ọ̀rọ̀ yìí níwájú ìjọ lẹ́ẹ̀mẹrin, wọn kì í jẹ́ kó sú wọn.

Kí n wá padà lọ tọrọ omi níbẹ̀? Kí n kó èébì mi jẹ? Ká má rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kejì

Mo lọ.

Mo ti wá ibòmíràn títí. Tánkà tí wọ́n ní yóò gbé omi wá láti Ìwó Róòdù ò yọjú. Mo ní kí n kàn lọ wò ó. Mo ró ìró àǹkárá, kí wọ́n má baà mọ ibi tí mo ti wá. Kẹ́ẹ̀gì méjì. Ṣítù já mi sílẹ̀ lójú títì, kò rẹ́rìn-ín mi, ó ṣeun. Mò ń ka sáàmù ààbò bí mo ṣe ń lọ, bí ẹni ń lọ sójú ogun.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú — ọ̀nà náà mọ́. Wọ́n gbá a. Ipa ìgbálẹ̀ wà lórí iyanrìn láti ojú títì títí dé abẹ́ àwọn igi kòkó, bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń retí. Kò sí nǹkan kan. Ibẹ̀ tutù. Ó dákẹ́.

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Sílípáàsì mi wà lọ́wọ́ mi! N ò mọ ìgbà tí mo bọ́ ọ. Àwa Aládùúrà, ibi mímọ́ la ti ń bọ́ bàtà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n bọ́ ọ níbí. Irun ara mi dìde. "Mímọ́" gùn mí dé ọ̀nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀mẹta, mo pa ẹnu mi dé. Mo ní ẹ̀tàn èṣù ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni mo ti lò nínú aṣọ funfun, mo mọ bí ẹ̀rù ṣe ń rí lára. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rù. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n rì mí bọmi ló ṣe rí, mi ò sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni arúgbó kan jáde. Kúkúrú, ẹ̀yìn ti tẹ̀, aṣọ funfun tó ti gbó, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Òun ló kọ́kọ́ kí mi, èmi ọmọdé! Ojú tì mí, mo kúnlẹ̀ dá a lóhùn. Ó dúró, ó wò mí díẹ̀. Ó béèrè ibi tí mo ti wá, kò béèrè ìjọ mi. Ó ní omi náà kì í ṣe títà, kí n bù ú bó ṣe wù mí. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ó ní: "Ẹni tí inú rẹ̀ ò mọ́ sí ẹnìkan kì í bu omi níbí. Ṣé ò ń bá ẹnikẹ́ni jà?"

Mo ní rárá, Mà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó yọ́ jáde lẹ́nu mi bí epo.

Ó ní ó dáa, ìwọ lo mọ inú rẹ. Ó bá mi di kẹ́ẹ̀gì mú. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹnu kẹ́ẹ̀gì náà kí iyanrìn má baà bọ́ sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kejì

Omi náà wà ní kọ̀rọ̀ yàrá mi. Ó mọ́ kedere. Mo fẹ́ gbàdúrà sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ní ìsìn, Àpèkẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì. A ò kí ara wa. Bó ti máa ń rí nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kejì

Jẹ́ kí n kọ ti Àpèkẹ́ sílẹ̀ kó tán. Ní 2021, ó sọ níwájú èèyàn mẹ́ta pé gàrí mi ní iyanrìn. Gàrí mi! Èmi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń sẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà, "Ìyá Iyanrìn" ni mò ń pè é nínú ikùn mi. Ọdún mẹ́rin. A jọ ń kọrin, a jọ ń jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa, n kì í wo ojú rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo ṣí Bíbélì kí n lè rí ohun tí n ó fi ṣe ìwàásù kúkúrú. Ibi tó ṣí sí ni ọ̀rọ̀ Jésù lórí ẹni tó gbé ọrẹ wá sídìí pẹpẹ, tó wá rántí pé arákùnrin òun ní nǹkan nínú sí òun — kó fi ọrẹ náà sílẹ̀ kó kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Mo mọ ọ́n lórí láti kékeré. Mo ti fi bá àwọn ẹlòmíràn wí. Arúgbó tí kò mọ ìwé bi mí léèrè ohun kan náà, mo pa irọ́ fún un.

Mo gbéra lọ sílé Àpèkẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá ṣagbe. Mo ní Ìyá Praise, ọ̀rọ̀ gàrí yẹn, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní gàrí wo? Ó ti gbàgbé! Ó ní ọdún mẹ́rin yìí lòun ti ń rò pé bóyá òórùn ẹnu òun ni mi ò fẹ́. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀. Òun náà jókòó. Ó wá ní ṣùgbọ́n òótọ́ ni, iyanrìn wà nínú ti ọjọ́ yẹn. Mo ní ó lè wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kejì

Mo da omi irọ́ náà sídìí ìbẹ́pẹ. Kẹ́ẹ̀gì méjèèjì.

Mo lọ sọ fún Bàbá Ìjọ. Mo rò pé wọn yóò bínú. Wọ́n fetí sílẹ̀ títí mo fi parí, wọn ò béèrè òrìṣà, wọn ò béèrè arúgbó. Wọ́n ní ṣé mo bọ́ bàtà. Mo ní mo bọ́ ọ. Wọ́n ní ta ló ní kí n bọ́ ọ. Mo ní kò sẹ́ni. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Wọ́n wá ní ta ló dá omi, ta ló dá ilẹ̀ tí omi ń gbà jáde? Kí á lọ gbé omi wá. Alàgbà Hezekiah wà níbẹ̀, ó kùn, ó jáde. Òun ló máa fara mọ́ ọn gbẹ̀yìn, bó ti máa ń ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kejì

Mo ti ilẹ̀kùn kí n tó kọ èyí.

Mo padà sí Abà Kúọlá láàárọ̀, èmi nìkan. Mo bá arúgbó náà níbi tó ti ń gbálẹ̀. Ọ̀ṣunbíyìí ni orúkọ wọn, mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. "Ìyá Abà" ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo ní Mà, irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́ sí, mo ń bá ẹnìkan jà, ṣùgbọ́n a ti parí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Mo ní báwo? Wọ́n ní ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà kì í tètè dáhùn. Á kọ́kọ́ rò ó wò.

Wọ́n fi igbá bu omi fún mi. Mo mu ún. Omi lásán ni, kò dùn, kò korò. Ṣùgbọ́n n ò lè dìde. Àwa méjèèjì jókòó létí omi, n ò sì lè sọ pé àwa méjì la wà níbẹ̀. Ọlọ́run wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà wá bá mi jà. Ibi tí mo ti lọ lé E kúrò, ibẹ̀ ló ti jókòó dè mí.

Mo wá bu omi kún igbá, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn lórí ìkúnlẹ̀, bí ọmọ ṣe ń bu omi fún ìyá. Wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n tú ìdí aṣọ wọn, wọ́n mú omi ọlọ́rá jáde, wọ́n fi eyín já etí rẹ̀, wọ́n ń fà á mu! Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Mà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ìsun, ẹ̀yin lẹ wá ń mu píọ̀ wọ́tà?

Wọ́n ní: "Èmi náà ń bá ẹnìkan jà ni."

Ọdún méjìdínlógún. Láti ọdún méjìdínlógún, ẹnu wọn ò kan omi náà. Omi òjò, omi kànga ọ̀nà ọkọ̀, omi ọlọ́rá tí wọ́n ń rà. Gbogbo àgbẹ̀ àgbègbè yìí ń mu níbẹ̀, àwọn Bororo ń mu níbẹ̀, màlúù wọn náà ń mu nísàlẹ̀. Àwọn nìkan ni kò mu.

Wọ́n ní ìkòkò ìyá àwọn, Ifádùnní, ló wà létí omi níjọ́ sí. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti bu omi tí wọ́n kọ́kọ́ fi wẹ̀ fún àwọn lọ́jọ́ tí wọ́n bí àwọn, àwọn náà fi wẹ̀ fún ọmọ mẹ́jọ. Mẹ́ta kú nínú ọmọ náà ní kékeré. Kò sí àwòrán wọn, kò sí aṣọ wọn. Ìkòkò yẹn ló kù tó mọ ara wọn. Àwọn aláṣọ funfun wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú agogo. Ìyá Abà dúró lẹ́yìn igi kòkó pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Obìnrin kan ló dá orin, òun ló gbé e sókè.

Wọn ò wò mí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Omi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní láàárọ̀, àwọn á ní àwọn ti dárí jì í. Tó bá di ọ̀sán, ìgbálẹ̀ á kan òkúta yẹn, inú á tún ru. Mo ní ṣebí ẹ lè kàn mu ún, Mà, ta ni yóò mọ̀? Wọ́n ní: "N ò lè parọ́ fún omi. Bí mo bá parọ́ fún un, kí ni mo wá ń gbálẹ̀ fún?"

Mo dìde. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi. N ò rántí dúpẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kejì

Ìbéèrè tiwọn ni pé ta ni mò ń bínú sí. Ti Jésù ni pé ta ló ń bínú sí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kejì

A lọ gbé ogún kẹ́ẹ̀gì. Àwa obìnrin ìjọ méjìlá, Àpèkẹ́ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì. Ìyá Abà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi wá léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Wàhálà dé! Ìyàwó akọ̀wé ìjọ ló kọ́kọ́ yí padà, ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ pe ìyá ọkọ òun lórí fóònù. Ẹnìkan tún padà sí Lálúpọn pátápátá, ó dé lẹ́yìn wákàtí méjì, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín. Àpèkẹ́ ní ìsọjí ti bẹ̀rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, Ìyá Abà bi mí bí wọ́n ṣe bi gbogbo èèyàn. Mo rò ó wò. Mo ní mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, Mà. Òótọ́ ni. Kò sì tó.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kejì

Ìsọjí bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́ lójú gbogbo ìjọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kejì

Ọjọ́ ẹ̀rí. Wọ́n ti ń jẹ́rìí bọ̀, ara wọn yá. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn kígbe pé, Ìyá Àdúrà, ẹ sọ ti ìkòkò fún wa! Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, agogo dún. Ẹ̀rí mi tí kì í sú wọn.

Mo dìde nínú sùtánà mi. Ogún kẹ́ẹ̀gì wà níwájú mi, omi obìnrin tó fi etí aṣọ nu ẹnu kẹ́ẹ̀gì fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo la ẹnu. Mo rí ọmọ mẹ́ta tí kò ní àwòrán. Mo ní, "Ìkòkò yẹn, ti ẹnìkan ni." Mo jókòó. Wọ́n rò pé ó rẹ̀ mí, wọ́n bu omi fún mi pé kí n mu. Ẹ wo irú omi tí wọ́n bù fún mi.

Àpèkẹ́ di ọwọ́ mi mú títí ìsìn fi parí. Orúkọ tí mò ń pè é nínú ikùn, mo ti gbá a kúrò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta

Ìsọjí parí. Ó dára gan-an, wọ́n ní. Àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lónìí. Mo ra ìkòkò lọ́jà, èyí tó tóbi jù níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Obìnrin tí kò bẹ̀rù ohunkóhun!

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ṣítù gbé èmi àti ìkòkò, ó ń wakọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Mo ní kó dúró dè mí.

Sùtánà mi ni mo wọ̀. Bí mo ṣe wọ̀ ọ́ lọ nígbà yẹn ni mo fẹ́ fi padà. Mo bọ́ bàtà lójú títì, mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ibẹ̀. Ìyá Abà rí mi tí mò ń bọ̀ nínú aṣọ funfun, wọ́n dúró sójú kan, ìgbálẹ̀ ò mì.

Mo dojúbolẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, Mà. Èmi ni mo dá orin. Ọwọ́ mi yìí ni."

Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohùn tó dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn, òun ló dá orin, n ò lè gbàgbé ẹ̀."

Wọ́n mọ̀ mí! Wọ́n mọ̀ mí, wọ́n di kẹ́ẹ̀gì mú fún mi. Wọ́n mọ̀ mí, wọ́n nu ẹnu rẹ̀. Wọ́n mọ̀ mí, wọ́n fi igbá bu omi fún mi mu, àwọn tí òùngbẹ rẹ̀ ń gbẹ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò lé mi. Wọ́n ní omi náà kì í ṣe tàwọn, àwọn kàn ń gbálẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn bi mí léèrè bóyá mò ń bá ẹnikẹ́ni jà, èmi kọ́ ni mò ń bá wọn jà, àwọn ni wọ́n ń bá mi jà. Ẹjọ́ àwọn ni.

Mo ti gbọ́ ìwàásù láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́. N ò rí ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run tó báyìí rí.

Wọ́n wo inú ìkòkò tuntun. Wọ́n fi ọwọ́ kàn án, wọ́n gbọ́ bó ṣe dún. Wọ́n ní ìkòkò gidi ni, kí n gbé e padà sílé kí n fi se ẹ̀fọ́. Mo ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín.

Mo bu omi sínú igbá. Mo gbé e sókè fún wọn. Mo ní Mà, ṣé ẹ ti dárí jì mí?

Bó bá ṣe èmi ni, ǹ bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti kígbe Halelúyà, ǹ bá ti mu ún kí gbogbo ayé rí i. Wọ́n wo omi náà. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, mo rí i, ọ̀nà ọ̀fun wọn lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní:

"Ẹnu mi ti dárí jì ọ́. Inú mi ò tíì gbọ́. Inú kì í yá bí ẹnu. Máa lọ sílé, ọmọ mi, fi èmi àti inú mi sílẹ̀."

Wọ́n da omi náà padà sínú ìsun, jẹ́jẹ́, kó má baà ta sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀. Ti àwọn Ṣítù ti wọ ọjọ́ karùn-ún. Gbogbo ìlú ń gbààwẹ̀. Ìyá Abà ti ń gba tiwọn láti ọdún méjìdínlógún, kò sì sẹ́ni tó bá wọn ṣínu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Mo mú ìgbálẹ̀ mi lọ. N ò wọ ibi ìsun, n ò tọrọ nǹkan kan. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọ̀nà láti ojú títì. Wọ́n rí mi. Wọ́n ń gbá tiwọn bọ̀ láti ìdí omi. A pàdé láàárín. Wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n tú u, wọ́n tún un dì, wọ́n ní bí ẹni ń yan gàrí ni mo ṣe ń gbálẹ̀.

Wọ́n ń wúkọ́. Mo béèrè, wọ́n ní eruku ni. N ò fẹ́ràn ikọ́ náà. Ẹni ọdún mélòó ni wọ́n? Àwọn gan-an ò mọ̀. Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n lọ láìmu ún. N ò tọrọ nǹkan mìíràn nínú Lẹ́ǹtì yìí. Má jẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló gba omi lẹ́nu wọn títí dé ibojì.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Mo lọ gbálẹ̀. Ikọ́ náà wà níbẹ̀. Àpèkẹ́ bá mi lọ, ó gbé àgbo ikọ́ àti oyin dání. Wọ́n gba oyin.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lónìí, kò pẹ́. Gbogbo èèyàn gbé ike síta. Kò sẹ́ni tí yóò nílò ìsun fún ìgbà díẹ̀ sí i. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo omi òjò tó ń kún inú ìkòkò tí wọ́n ní kí n fi se ẹ̀fọ́. Mo rò pé bóyá èyí náà ni Ìyá Abà ń mu nísinsìnyí.

N ò lè lọ gbálẹ̀, ọ̀nà ti di ẹrẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Ṣítù yà níbí bó ṣe ń lọ sí Jímọ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó ní irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń rán ẹni tó ń gbààwẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ omi. Ó ní òun gbé àpò ẹ̀gẹ́ kọjá ní Abà Kúọlá, Ìyá Abà ti wà lójú títì látàárọ̀, tí wọ́n ń dá ọlọ́kadà dúró, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó mọ ilé mi.

Wọ́n ní kó sọ fún mi pé àwọn ti mu ún. Pé ó ṣì tutù.